Bàbá Onírùngbọ̀n Inú Abọ́ Orúkọ

Aládùúgbò wa ní Pearland lẹ́bàá Houston, bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n bí ní Húngárì, kò dé ibi ìsọmọlórúkọ Yorùbá rí kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó pè é síbi ti ọmọ rẹ̀. Ó wọ kóòtù wá nínú ooru Houston, ó jókòó sẹ́yìn, ó sì ń wo ohun gbogbo bí ẹni tí wọ́n máa bi ní ìbéèrè tó bá yá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ohun tó rí ni pé ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á dìde, á fi owó sínú abọ́ gíláàsì orí tábìlì, á sì pe orúkọ tó mú wá. Ìyá wa, tí wọ́n ti Iléṣà wá wẹ ọmọ, ló kọ́kọ́ fi owó síbẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì tẹ̀ lé wọn. Bàbá yìí wò ó títí, ó dìde jẹ́ẹ́, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde. A rò pé ó ti sú u ni. Kò pẹ́ tó fi padà dé, tó fi owó ẹyọ fàdákà kan sáàárín àwọn dọ́là inú abọ́, tó sì pe orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè pè tẹ̀ lé e.

Ilé pariwo ayọ̀. Màmá nìkan ni kò pariwo. Wọ́n mú owó náà jáde, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta ni bàbá onírùngbọ̀n tó wà lára owó yìí?"

Mo bi aládùúgbò wa. Ó ní ẹni tó ni orúkọ tí òun pè ni, akọni ilẹ̀ wọn tó léwájú nígbà tí wọ́n ń jà fún òmìnira. Ìjọba wọn rọ owó náà fún ìrántí rẹ̀, kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ná lọ́jà. Mo sọ ọ́ fún Màmá.

"Akọni? Ó dáa. Báwo ló ṣe kú?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe eré lọ́wọ́ ìyá mi. Wọ́n gbà pé ọmọ lè tọ ọ̀nà ẹni tí a bá fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, wọn ò sì ní gbà kí wọ́n so orúkọ ẹni tí wọ́n yẹgi fún mọ́ ọmọ-ọmọ wọn. Èmi ò rí ẹ̀rí kankan fún ìgbàgbọ́ yìí. Mi ò sì tíì rí èyí tó takò ó, ni mi ò ṣe bá wọn jiyàn.

"Ẹ bi Lọ́yà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Èmi ni Lọ́yà. Mi ò ka òfin o, ìṣirò ni mo kà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni. Wọ́n sọ mí bẹ́ẹ̀ torí pé bí wọ́n bá bi mí bóyá òjò ń rọ̀, mo máa ń lọ sójú fèrèsé kí n tó dáhùn.

Mo yọ fóònù, mo ka ìtàn ọkùnrin náà níbi mẹ́ta, kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

"Lọ́yà, ọmọ yìí á ti máa rìn kó o tó dáhùn o!"

"Wọn ò pa á," ni mo wí. "Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú."

"Àmín!" Màmá ti ń dá owó náà padà sínú abọ́.

"Ṣùgbọ́n," ni mo wí.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó mọ ohun tí "ṣùgbọ́n" mi máa ń fà. Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni mo sọ.

"Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun wọn, ó sá kúrò nílùú. Ilẹ̀ àjèjì ló gbé títí tó fi kú. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́."

Ọwọ́ Màmá dúró lókè abọ́. Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tó ti wá kàwé ní Houston, kò tíì padà sílé rí. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ló kọ́kọ́ dá a dúró, lẹ́yìn náà iṣẹ́, lẹ́yìn náà ilé tó ń rà. Nígbà tí a ń ṣí ilé tó kọ́ fún Màmá, orí fóònù ló ti bá wa jó.

"A ti ní irú rẹ̀ kan nínú ẹbí yìí," ni Màmá wí. "A ò wá ìkejì." Wọ́n gbé owó náà kalẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́yìn abọ́.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Aládùúgbò wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí ó ti rí ibi tí owó rẹ̀ wà. Ó rọra bi mí bóyá ó ṣe ohun tí kò yẹ. Mo ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Sọ fún wọn pé wọ́n gbé e padà wálé. Gbogbo ìlú ló jáde pàdé rẹ̀."

Mo tún wo fóònù. Òótọ́ ni pé wọ́n gbé e wálé. "Gbogbo ìlú" nìkan ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Mo jíṣẹ́ náà.

"Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé?" ni Màmá bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi ò béèrè òkú o. Tèmi, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, kó gbé ọmọ dání, kí n sì bá a jà pé ó pẹ́ kó tó dé."

Ìdúpẹ́ nìkan ni mo túmọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó mú owó fàdákà náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó wọnú abọ́. A ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà."

"Àmín!" ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn.

"Ẹ má tíì ṣe àmín," ni Màmá wí. "Disẹ́ńbà ọdún wo?"

Èmi náà ti rí i pé kò dárúkọ ọdún. Ọ̀nà tí mo máa gbé e gbà ni mo ṣì ń wá.

"Èyí tó ń bọ̀ yìí, Màmá."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi, ìyàwó mi, àti ọmọ."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń fún ọmọ lọ́yàn tí kò sì tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, na ọwọ́ kan sí i. Fóònù rẹ̀ ti wà lórí itan.

"Dádì, káàdì yín dà? Mo ti rí bàálù kan níbí."

Ẹ̀gbọ́n mi wo Màmá, ó wò mí, ó wo àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì yọ káàdì. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la ẹnu títí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Ìgbà náà ni bàbá onírùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú abọ́, tí gbogbo ilé sì ṣe àmín.