Nígbà Tí Fóònù Mi Pààrọ̀ Ojú

Mo rántí ìgbà tí fóònù mi máa ń dún tín-ín létí ìró mi lóko kajú, tí mo mọ̀ dájú pé ọkọ mi ló sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí mi ò mọ ibi tí mo máa tẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ní abúlé kan ní Goro ni mò ń gbé nígbà náà. Òun ti lọ ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Gábọ̀n. Mi ò lọ sílé ìwé, nítorí náà kó tó lọ, ó di ìka mi mú, ó fi kọ́ mi: tẹ àmì aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, tẹ àwòrán mi tó wà lókè pátápátá, tẹ ohùn mi kí o gbọ́ ọ, tẹ àmì gbohùngbohùn mọ́lẹ̀, kí o máa sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà odò. Mo tiẹ̀ ń fi ṣakọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi, àfi bíi pé èmi ni mo ṣe fóònù náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe. Mízàjúù ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Nígbà tó parí, àmì aláwọ̀ ewé ti kúrò níbi tó wà, àwòrán ọkọ mi ti wọlé síbi tí mi ò mọ̀, ibi tí mò ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ń ṣí àwòrán àwọn àjèjì tó ń jó. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro mí. Àbúrò ọkọ mi lè bá mi wá a, ṣùgbọ́n kì í dá fóònù padà láìgbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkọ mi ń bá mi sọ kì í ṣe fún etí ẹlòmíì. Ìyá mi máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí ẹni mẹ́ta bá mọ̀ ti di ti ọjà. Mo pa ẹnu mọ́. Títí a fi ṣa kajú tán, fóònù ń dún, mo ń gbé e sétí, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Ìyẹn ló le jù.

Ọjọ́ tí mo ráyè, mo gun alùpùpù lọ sí Tchaourou, ìlú tó sún mọ́ wa, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a padà sí bó ṣe wà.

"Tata, kì í padà," ló wí, bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀. "Gbogbo ayé ló ń bú u. Yóò mọ́ yín lára."

Ó fi ibi tí àwọn ohùn náà wà hàn mí. Mo gba fóònù kó tó tẹ̀ ẹ́, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì iṣu kan, mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi kọ́kọ́ ń kí mi, ó ń béèrè oko. Lẹ́yìn náà ó ń béèrè bóyá ara mi ò yá ni. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀:

"Mo mọ ìdí tí o fi dákẹ́. Wọ́n ti sọ fún ọ. Òótọ́ ni, mo ti fẹ́ obìnrin kan níbí, ó sì ti bímọ. Má bínú. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni."

Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún mi. Obìnrin kejì kọ́ ló dùn mí jù, kì í ṣe nǹkan tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ìgbà tí mo rò pé èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ti ní ẹni tó ń gbọ́ ọ láìlo fóònù. Mo tẹ gbohùngbohùn mọ́lẹ̀ láti fèsì. Mo gbé ìka kúrò, èémí mi nìkan ló lọ bá a. Lọ́jọ́ kejì ó fèsì pé, "Mo gbọ́."

Mo ti kúrò ní Goro. Iṣu ni mò ń tà ní Tchaourou báyìí. Ọkọ mi kò padà wá. Ó máa ń kí mi bí ọdún Iléyá bá dé, mo máa ń dá a lóhùn. Bí àwọn obìnrin tí a jọ ń tajà bá ń bú mízàjúù, mo máa ń bá wọn bú u. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, mo máa ń rò ó pé bí kì í bá ṣe mízàjúù náà ni, ǹ bá ṣì wà nílé ọkọ tí kò sí ọkọ níbẹ̀, inú mi ì bá sì máa dùn láìmọ nǹkan kan. Títí dòní, mi ò tíì mọ èyí tí mo fẹ́ nínú méjèèjì.