Ìgbẹ́ Màlúù Lójú Oórì

Bí mo bá ti gbóòórùn ìgbẹ́ màlúù tútù, ìyá mi ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń fi í pa ilẹ̀ yàrá kó lè dán. Ìyá mi nìkan ló ń fi í pa ojú oórì.

Nígbà tí àbúrò mi, tó bá ìyá mi gba Kristi, kú, baálé wa kọ̀ kí a sin ín sínú ilé bí a ti ń sin òkú wa. Ó ní, "Ẹni tó kọ òrìṣà ilé sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ ilé ṣe?" Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la sin ín sí.

Bí àwọn ènìyàn bá fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tó ti ń pa ojú oórì náà, á ní, "Olúwa ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn yàrá yìí. Kò gbọdọ̀ bá a ní ìdọ̀tí."

Ìgbà tí òun náà kú, baálé kan náà ló ní ìyàwó àwọn kò gbọdọ̀ sùn níta. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, jìnnà sí ọmọ rẹ̀.

Mi ò tí ì dárí jì wọ́n. Ilẹ̀ méjèèjì ni mò ń pa báyìí. Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn mọ ilé méjèèjì.