Tẹ Ibí Bí O Kò Bá Fẹ́ Lẹ́tà Wa Mọ́

Ọjọ́rú kan ni Fúnmi já wọ kafé íńtánẹ́ẹ̀tì wa ní Narayi, ní Kàdúná, kò tilẹ̀ kí mi. Ọmọ Bàbá Tísà ni, ọmọ tó jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń kúnlẹ̀. Ó ní, "Anti Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ímeèlì Bàbá. Òun ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gba fọ́ọ̀mù ti rí lẹ́tà tiẹ̀ gbà. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò ní Ìlọrin."

Mo ṣí i. Àpótí lẹ́tà Bàbá ti kún dẹ́nu. Lẹ́tà oògùn okùnrin wà níbẹ̀, lẹ́tà tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, àti ti àwọn tó fẹ́ wá ìyàwó òyìnbó fún bàbá arúgbó. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìkan ni kò sí. Mo mọ ẹni tó fà á. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí nígbà náà. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà nílé kò pọ̀ ní Kàdúná. Alhaji Sàlámì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta ẹ̀yà ara rédíò nílùú yìí kí wọ́n tó bí mi, ló ni kafé náà. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ la ní, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń mú kí gbogbo wa pariwo ká tó gbọ́ra. Èmi ni mo ń bójú tó o. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á sọ pásíwọ́ọ̀dù wọn sí mi létí, èmi á ṣí lẹ́tà wọn, màá kà á fún wọn ní Yorùbá tàbí Hausa, màá sì bá wọn fèsì. Mo mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ láìkọ̀wé sí i mọ́. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Bàbá Tísà. Ará Kàbbà ni, tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, á fi bírò sápò àyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sóhun tó fẹ́ fi bírò ṣe lọ́dọ̀ wa. Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í gbà kí n fi lẹ́tà kankan sílẹ̀ láìfèsì. Nígbà tí lẹ́tà tẹ́tẹ́ kọ́kọ́ dé, mo fẹ́ pa á rẹ́.

Ó ní, "Má pa á rẹ́. Èèyàn ló kọ ọ́. Kọ ọ́ pé a dúpẹ́, ṣùgbọ́n a ò fẹ́."

Mo ní, "Bàbá, wọn ò mọ̀ yín rí o."

"Ṣebí orúkọ mi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà."

"Ara ímeèlì yín ni wọ́n ti rí i."

"Ta ló wá ni ímeèlì?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ a-dúpẹ́-a-ò-fẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ọwọ́ ń ro mí. Ìgbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ àwọn lẹ́tà náà, tó ń sọ pé bí o kò bá fẹ́ lẹ́tà wa mọ́, tẹ ibí. Inú mi dùn. Mo fi han Bàbá pé àwọn fúnra wọn ti pèsè ọ̀nà tí èèyàn á fi kọ̀ láìbínú. Bàbá ní wọ́n kọ́ wọn nílé. Láti ọjọ́ náà, mo ń tẹ ibí fún un lọ ràì, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Mo ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn oníbàárà yòókù náà. Mo tún lẹ ìwé mọ́ ògiri: A ń bá yín lé lẹ́tà àìpè lọ.

Alhaji ka ìwé náà, ó ní, "Haba, Dúpẹ́. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

Irọ́ ni, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí i pé lẹ́tà Bàbá ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì mọ̀ pé àpótí lẹ́tà ayé ìgbà yẹn kéré. Bó bá ti kún, lẹ́tà yòówù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ á padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fáàrí jù láti yí i padà.

Bí mo ṣe wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́rú yẹn, Fúnmi bi mí pé, "Anti, ṣé nẹ́tíwọ̀kì ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ kafé rí á mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì ló ń ru gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ wa. Bí mo bá gbàgbé iṣẹ́ oníbàárà, nẹ́tíwọ̀kì ni. Bí mo bá sùn lọ, nẹ́tíwọ̀kì ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo wá wo ojú ọmọ náà. Ọdún kejì rèé tó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wọn, fọ́ọ̀mù kejì sì nìyí.

Mo ní, "Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ó jókòó, ó ń sunkún láìgbé ohùn sókè. Ojú tì mí débi pé n kò lè fọwọ́ kàn án.

Alhaji gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi fóònù rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé sí ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì padà, àwọn sì ti yọ orúkọ rẹ̀. Alhaji gbé fóònù sílẹ̀, ó sì fa ìwé tó ní orúkọ kafé lórí lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fi orúkọ ara ẹ sí i."

"Alhaji, ṣé kí n kúkú kọ pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́?"

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Fúnmi lọ pe Bàbá wá. Bàbá kà á tán, ó yọ bírò àyà rẹ̀, ó tún gẹ̀ẹ́sì mi ṣe níbi méjì, ó ní kí n dà á kọ. Mo tún un kọ. Ó wá fọwọ́ sí i lábẹ́ tèmi. Ó ní, "Àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Èmi ni mo ní ká máa dá wọn lóhùn."

Fúnmi wọkọ̀ Ìlọrin láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. N kò lè jẹun títí ó fi dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní obìnrin tó gba ìwé náà kà á, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó lọ tò sẹ́yìn gbogbo èèyàn. Òun ni wọ́n pè kẹ́yìn. Nígbà tí orúkọ àwọn tó wọlé jáde, tiẹ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ orúkọ gbogbo àwọn tí mo tẹ ibí lábẹ́ lẹ́tà wọn sínú rẹ̀, mo sì ń ṣọ́ wọn. Ìwé ìròyìn kan tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún kò wá mọ́, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló tán. Ilé ìtàwé kan pẹ̀lú gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olóògùn àti onítẹ́tẹ́ tún pọ̀ sí i ni, wọ́n kàn ń pààrọ̀ orúkọ. Àwọn wọ̀nyí ń kan ilẹ̀kùn kiri, wọn ò mọ ilé tí èèyàn wà, èmi wá ń pariwo láti yàrá pé kò sẹ́nì kankan nílé. Mo ya ìwé ara ògiri. Mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fún wọn ní ímeèlì yín, kí n tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n rí, kí n pa á rẹ́ láì ṣí i.

Ó nira fún Bàbá Tísà. Ó ní, "Kí n kàn dákẹ́ báyẹn?"

"Ẹ dákẹ́, Bàbá."

Ó gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń pa wọ́n rẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "A dúpẹ́ o."

Nígbà tí fóònù dọ́wọ́ gbogbo ayé, Alhaji ti kafé náà pa. Mo wà ní Mahuta, ní Kàdúná níbí, báyìí, mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fúnmi ti di ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Oṣooṣù ni ilé ìwòsàn wọn ń fi lẹ́tà ìlera ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló ń kọ ọ́, kò sì bi mí kó tó fi orúkọ mi sí i. Orúkọ rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí n kò bá fẹ́ lẹ́tà àwọn mọ́, kí n tẹ ibí. Mo mọ̀ pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbọ́. N kò tẹ̀ ẹ́ rí.