Orúnkún Suwebat àti Ìkòkò Òróró Àgbọn

Gbì! Ìró tí Suwebat kọ́kọ́ dá mọ̀ láyé nìyẹn: àgbọn tó já lu iyanrìn lẹ́yìn ilé wọn. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, á fò dìde lórí ẹní, á sáré jáde kí àwọn ọmọ ilé kejì tó débẹ̀. Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí, bíi ti akàn!" Abúlé wọn wà ní ìhà òkun, ọ̀sà sì wà láàrin wọn àti ìlú Àgbádárìgì. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìlú, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀.

Ẹsẹ̀ yẹn ni Suwebat fi jẹun nígbà tó dàgbà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí àwọn ènìyàn ń ra léèsì bí ẹni ń ra ẹ̀kọ, aṣọ ló ń rà ní Seme, létí ààlà ilẹ̀ Benin, tó ń tún un tà. Bí mọ́tò bá kún, á gbé ẹrù rẹ̀ karí, á fẹsẹ̀ rìn títí dé ìlú Kankon lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe é. Owó náà wá bí ìgbì, ó sì padà bí ìgbì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ọjà sì ti tutù, ó padà sí abúlé, ó dì mọ́ iṣẹ́ òróró àgbọn tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

Iṣẹ́ ìjókòó ni. Orí àpótí kúkúrú ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ dọ̀sán, orúnkún á kan àyà, wọ́n á máa rin àgbọn lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Wọ́n á fún un, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè là, kí ọ̀rá sì léfòó lójú omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. "A kì í mi ìkòkò tó ń là," ni àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń wí.

Nígbà tí Suwebat pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, á máa dún bí iyanrìn láàrin eyín. Ti òsì tẹ̀ lé e. Ó rò ó bí oníṣẹ́ òróró ti ń rò ó: ohun tó bá dàrú, kí á gbé e sílẹ̀ kó là. Ó bá jókòó. Ó ń fi òróró gbígbóná pa á, ó ń di iyanrìn gbígbóná mọ́ ọn, ó ń mu gàrí oníṣúgà, kò sì lọ síbì kan. Comfort, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ègùn ní ilé kejì, ló ń bá a se òróró. Oṣù méje kọjá, orúnkún náà kò là bí ìkòkò. Itan rẹ̀ joro, ìdí rẹ̀ tóbi. Kó tó lè dìde, á di òpó ilẹ̀kùn mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Morìnsọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fi ti Èkó dé.

"Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ó bá mi lọ."

"Sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn? Ta ni yóò máa gbé mi sọ̀ kalẹ̀?"

"Kí lẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Suwebat. Ó rí ara rẹ̀ lójú fèrèsé Èkó, kò sí iyanrìn, kò sí igi kan tí nǹkan ń já bọ́ lórí rẹ̀. Morìnsọ́lá kì í ṣe ọmọ burúkú; ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Bó bá di iléyá, oṣù márùn-ún sí i, tí ìyá bá lè dá se ìkòkò òróró kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò dúró sílé rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò bá ọmọ lọ sí Èkó.

Kí Morìnsọ́lá tó lọ, ó mú ìyá rẹ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí ọsibítù kan. Ìyáàfin Bọ́ládé, tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí a ṣe ń mú ara ṣiṣẹ́, tẹ orúnkún rẹ̀ wò.

"Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ti ṣe rí?"

"Mo ru ẹrù ní Seme, ọmọ mi."

"Ẹ ò tíì sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Ẹ kàn gbé e kúrò lórí, ẹ gbé e sí ìdí ni."

Suwebat fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bọ́ládé ṣàlàyé pé ohun rírọ̀ tó wà láàrin eegun orúnkún ti gbó, kò sì ní í hù padà. Ẹran itan ló yẹ kó máa bá orúnkún gbé ara, ìjókòó sì ti pa ẹran náà.

"A kì í mi ìkòkò tó ń là," ni Suwebat fèsì, ó sì sọ bí iṣẹ́ òróró ti rí.

Bọ́ládé bi í léèrè, "Kí ẹ tó gbé ìkòkò yẹn sílẹ̀, kí lẹ máa ń fi àgbọn ṣe?"

"A ó rin ín, a ó fún un…" Suwebat wo orúnkún rẹ̀. "Àṣé iṣẹ́ ló ń ṣáájú ìsinmi."

Lọ́jọ́ kejì, Suwebat bẹ̀rẹ̀ ohun tí Bọ́ládé kọ́ ọ. Á jókòó sórí àga, á na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, á ka ení dé ẹ̀wá, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Á gbìyànjú láti dìde láìfọwọ́ ti àga. Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lè ṣe é, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó bá ṣe é tán, á wọ ọ̀sà dé ìbàdí, á máa rìn lọ rìn bọ̀, nítorí omi ń bá a gbé ara.

Comfort á dúró létí omi, á máa pariwo: "Suwebat! Ṣé ẹja lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Ó sàn ju ọkọ tìrẹ lọ!"

Ṣúgà ló ṣòro jù láti fi sílẹ̀. Ó dín gàrí kù, ó fi ẹja àti ẹ̀fọ́ kún un. Bọ́ládé sì ti ní kó má jókòó sórí àpótí kúkúrú mọ́, nítorí náà ó ní kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù, kí ààrò rẹ̀ ga dé ìbàdí. Irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo abúlé náà. Àwọn obìnrin ń bi í bóyá òmìrán ló fẹ́ máa se oúnjẹ fún. Comfort ló rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí oṣù kan kọjá, òun náà ń yọ́ wá se òróró tirẹ̀ níbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn òjò ńlá kan, orúnkún ọ̀tún wú. Suwebat fẹ́rẹ̀ẹ́ ránṣẹ́ sí Morìnsọ́lá pé kó máa bọ̀. Ó sinmi lọ́jọ́ kan, ó sinmi lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta ó wo àga, ó wo ẹní, ó sì bọ́ sínú ọ̀sà.

Nígbà tí iléyá ku ọ̀la, Morìnsọ́lá dé pẹ̀lú báàgì ńlá kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Suwebat ti rin àgbọn, ó ti fún un lánàá. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ àti Comfort jókòó, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó bu ọ̀rá kúrò lójú omi, ó dà á sínú ìkòkò irin, ó gbé e ka iná. Ó dúró, ó ń fi igi rò ó. Nígbà tí orúnkún ráhùn, ó fìdí lé àga gíga kan, ó sinmi díẹ̀, ó sì tún dìde. Ìkòkò náà ń ta pàràpàrà títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, tí ariwo rẹ̀ sì rọlẹ̀. Òróró mọ́ gaara.

Morìnsọ́lá fò dìde. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

"Padà jókòó. Àdéhùn ni àdéhùn."

Lẹ́yìn ilé, gbì! Suwebat yíjú síbẹ̀. Kò sáré. Ọjọ́ ìyẹn ti lọ. "Yóò dúró dè mí," ló wí.

Morìnsọ́lá ká báàgì òfo náà sí mẹ́rin, ó fi jókòó. Ìyá rẹ̀ mú àkísà, ó di etí ìkòkò mú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó fi aṣọ funfun sẹ́ òróró náà sínú ìgò kan, ó sẹ́ ẹ sínú èkejì, títí ó fi tán. Ó dé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nu ara wọn, ó sì tò wọ́n sójú fèrèsé.