Jórinjórin àti Ògiri Ọkàn Rẹ̀

Ilẹ̀kùn onírin ni jórinjórin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, òun àti irin ojú fèrèsé. Bí oníbàárà bá gbé ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà wá, yóò fi òòlù lù ú, yóò dẹtí sí i. Bó bá dún gooro, á ní, "Ó ṣì yè, a ó jó o." Bó bá dún bí páálí, á ní, "Èyí ti kú." Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí kò lè sùn mọ́ àfi kó jókòó ti ògiri, dókítà wí fún un pé ògiri iwájú ọkàn rẹ̀ kò mì mọ́.

"Bóyá ẹran ibẹ̀ ti kú, Bàbá, bóyá ó kàn sùn nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó o. Tó bá sùn ni, a ó ṣí àyà yín, a ó la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀, yóò sì jí. Tó bá ti kú, oògùn nìkan ló kù, oògùn ò sì ní gbé yín jìnnà."

Ọ̀bẹ ni jórinjórin ń bẹ̀rù. Kò sọ fún ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbàdúrà fún ni pé kí ẹran náà ti kú.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi wò ó rí bíi páìpù ńlá tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ wọ̀, ó sì máa ń fa irin. Obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà béèrè pé, "Ṣé irin kankan wà lára yín, sà?"

Inú jórinjórin dùn. "Ó wà lójú mi! Èérún irin tó ta sí mi lójú kò lóǹkà."

Wọ́n ya àwòrán ojú rẹ̀. Lóòótọ́, èérún kan há síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fà á, ojú lè fọ́. Jórinjórin ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Ìyá wọn, dìde. Wọn ò gbà mí."

"Ẹ jókòó, Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹni tó ń sá fún abẹ́rẹ́ ló wá ń fi irin ojú ṣakọ."

Dókítà ní ọ̀nà mìíràn wà. Wọ́n mú òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n fi oògùn sí apá kan, wọ́n de ohun tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìkejì. Kò lè yíra padà. Dókítà gbé ẹ̀rọ kékeré lé e láyà, ọkàn rẹ̀ sì yọ lójú ẹ̀rọ mìíràn tó rí bíi tẹlifíṣọ̀n.

"Oògùn yìí yóò ta ọkàn jí díẹ̀díẹ̀. Ẹran tó sùn yóò mì. Èyí tó kú kò ní ṣe nǹkan kan."

Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ògiri iwájú tó ti dúró gbagidi sún díẹ̀. Ó tún sún.

"Ó mì!" ni ìyàwó rẹ̀ pariwo.

Jórinjórin di ojú. "Dókítà, bóyá ojú ń tàn yín ni."

"Kò tàn wá, Bàbá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló yè."

Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo wáyà ara rẹ̀. "Bí mo bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ fa àga sún mọ́ ọn. "Bí ẹ bá lu ilẹ̀kùn oníbàárà tó dún, tí ó wá ní kí ẹ fi í sílẹ̀, kí lẹ máa ń wí fún un?"

Jórinjórin dáhùn pé, "Mo máa ń ní kó gbé e kalẹ̀, kó máa lọ sílé."

"Ó dáa. Ẹ gbé e kalẹ̀."

Dókítà bi í bóyá kí òun mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà. Jórinjórin mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí yẹn nìkan ló ráyè mì.