Bàbá Bàbá Ọ̀mọ̀wé Túbọ̀sún

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìran ará Akadí, ẹ lọ sí Hanwa, ẹ béèrè ilé Ọ̀mọ̀wé Túbọ̀sún, tó ń kọ́ni ní èdè Faransé ní yunifásítì Zaria. Àwọn Faransé tó tẹ̀dó sí apá Kánádà láyé àtijọ́ là ń pè ní ará Akadí, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọkọ̀ ojú omi tú wọn ká. Orúkọ ẹni mímọ́ ni àlùfáà máa ń fún ọmọ wọn, Joseph sì pọ̀ láàrin wọn bí erùpẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so orúkọ baba mọ́ tọmọ: Joseph ti Pierre ti Jean. Àwọn ọmọ ọmọ wọn a máa bẹ Túbọ̀sún láti òkè òkun pé kó bá àwọn wá baba ńlá àwọn. Ó mọ baba oníbaba dé ìran keje, ó sì ń fi yangàn.

Ní Sátidé kan, ẹbí Pẹ̀lúmi wá tọrọ Morọ́láolúwa, ọmọ Túbọ̀sún kan ṣoṣo, láti fi ṣe aya fún un. Ìlú Mọ̀pà ni ẹbí méjèèjì ti wá, nítorí náà Bàbá Ìpàdéọlá, àgbà ẹbí ọkọ, béèrè ohun tí àgbà ń béèrè.

"Àna wa, kí ọmọ ẹ̀jẹ̀ kan náà má lọ fẹ́ra wọn. Kí lorúkọ bàbá tó bí bàbá yín?"

Obed ni bàbá Túbọ̀sún. Bàbá Obed ni gbogbo ayé sì ń pe bàbá àgbà. Túbọ̀sún ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ẹnu rẹ̀ ì bá sọ pé òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó síbẹ̀.

"Akíndélé ni, sà."

"Akíndélé alágbẹ̀dẹ?"

Ọ̀mọ̀wé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kan kì í dá rìn.

Bàbá Ìpàdéọlá mí kanlẹ̀. "Bàbá bàbá Pẹ̀lúmi nìyẹn. Ìgbéyàwó yìí ò ṣeé ṣe mọ́."

Morọ́láolúwa bojú. Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, irọ́ ni mo pa. N ò mọ orúkọ wọn."

Kò sẹ́ni tó bú u. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Ojú tì í dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Màmá Naomi, ní Dogarawa."

"Ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n."

"A sin wọ́n lọ́dún tó kọjá, sà."

Títí màmá náà fi kú ló ń pè é pé kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdílé. Èsì kan náà ni: "Sai gobe, Màmá. Mo ń bá àwọn ará Kánádà sọ̀rọ̀." Ọ̀la yẹn ò dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló tú ará Akadí ká. Ta ló wá tú Túbọ̀sún ká?

Bàbá Ìpàdéọlá dìde. "Ẹ lọ wádìí nílé ná. Bí ẹ bá rí ìdí rẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí wa."

Nígbà tí àlejò lọ tán, Morọ́láolúwa wá jókòó ti bàbá rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

"Dádì, èmi fúnra mi ló máa lọ sí Mọ̀pà. Tí ẹ bá ń wá baba ńlá àwọn ará Akadí, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

Túbọ̀sún mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà.

"A máa ń lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, nígbà tó ṣì wà láyé."