Orúkọ Tí Saratou Kò Lè Pè

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi Marie-Noëlle ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ẹjọ́ yìí jẹ́, ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló sì tún un ṣe. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ran àwọn tí ọ̀daràn ṣe léṣe lọ́wọ́, àmọ́ ọdún méjì péré ni mo tíì lò nílùú Bantè. Ọmọ Savalou ni mí, ẹ̀yà Mahi ni mí. Mo gbọ́ èdè àwọn ará Bantè dáadáa, mo sì rò pé ìyẹn ti tó.

Nígbà tí Bérénice dé láti yunifásítì fún sitáàsì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta, mo wò ó, mo mí kanlẹ̀. Ọmọ tíṣà ni láti Gouka, lágbègbè Bantè níbí, ó tín-ín-rín, ó sì ń kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé, bóyá títí kan ìgbà tí mo bá mu omi. Mo ní kó máa to fáìlì.

Lọ́jọ́rú kan, obìnrin kan wọlé láti abúlé Lougba, báńdéèjì wà lápá rẹ̀. Saratou ni n ó máa pè é, torí iṣẹ́ wa kò gbà ká dárúkọ ẹni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ sì fi igi lù ú kúrò nínú oko kajú tó jẹ́ ti òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ó rò ó fún mi látòkèdélẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè orúkọ ẹni tó lù ú, ó dákẹ́. Àwọn àbúrò ọkọ náà sì tó méje.

Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á, mo wá ń ṣàlàyé bí ọlọ́pàá ṣe máa dáàbò bò ó. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Fáìlì gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Savalou kí ọ̀sán ọjọ́ yẹn tó pọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di oṣù tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á sì ti ká kajú rẹ̀ tán. Inú bí mi. Mo mú bíró pé kí n kọ "kò mọ orúkọ rẹ̀".

"Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́," ni Bérénice wí. "Ìyàwó ilé ni wọ́n. Wọn kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n bá nílé ọkọ."

Saratou gbójú sókè. "Bí mo bá pè é, ojú wo ni n ó fi wo ìyá ọkọ mi?"

Ojú tì mí, n kò ní purọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Bérénice béèrè ẹni tó sìn ín wá. Ẹ̀gbọ́n Saratou, tí n ó máa pè ní Samiath, ló jókòó síta, torí èmi ni mo pàṣẹ pé ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa wọlé. Saratou gbà kó wọlé. Samiath kì í ṣe ìyàwó ilé yẹn, kó tó jókòó ló ti pe orúkọ ọkùnrin náà, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìnagijẹ rẹ̀. Bí n kò bá dá a dúró, á fi ti bàbá àgbà kún un. Saratou mi orí pé òun náà ni. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bérénice gbé fáìlì, ó gun alùpùpù Ganiou ọlọ́kadà, eruku bò wọ́n. Nígbà tó pè mí láti Savalou pé wọ́n ti gbà á, mo jó nínú ọ́fíìsì, èmi nìkan.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, a bá Saratou lọ. Adájọ́ ní kó dárúkọ ẹni tó lù ú. Àwọn àbúrò ọkọ méjèèje ń wò ó. Bérénice ti dìde pé kó ṣàlàyé, Saratou fà á láṣọ.

"Jókòó, ọmọ mi."

Ó wá fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ náà, ketekete. "Ọkọ mi ni mo ń bọ̀wọ̀ fún," ló wí, "ẹni tó bá fi igi lé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ará ilé rẹ̀ mọ́."

Mo wo Bérénice, mo rò pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò kọ nǹkan kan. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, bíró rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀.